East Neuk ní Fife: bí ẹ ṣe lè fi ọjọ́ mẹ́ta rin àwọn ìlú etíkun àtijọ́ ní Scotland

Kí ẹ tó wo iye owó hòtẹ́ẹ̀lì rárá, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àkókò omi òkun. Ní etíkun East Neuk, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láàárín ìgbà tó kún tán àti ìgbà tó fà tán, ó lè fi ohun tó ju mítà 4 lọ sókè sódò. Ẹni tó dàgbà sí Èkó kò mọ irú èyí, torí omi etíkun Èkó kì í sábà yí padà ju nǹkan bíi mítà 1 lọ. Ní Fife, èbúté tí ọkọ̀ ń léfòó nínú rẹ̀ láàárọ̀ lè di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀nà orí àpáta tí ẹ gbà lọ ní agogo mẹ́wàá sì lè ti wà lábẹ́ omi kí agogo méjì tó lù. Ẹni tó mọ àkókò omi á rí ohun tó wá wò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ya fọ́tò ẹrẹ̀ bọ̀ wálé.

Fife wà ní ìlà oòrùn Scotland, lápá àríwá Edinburgh. Omi ló yí i ká lápá mẹ́ta: Firth of Forth ní gúúsù, Firth of Tay ní àríwá, Òkun Àríwá ní ìlà oòrùn. "Neuk" ní èdè Scots túmọ̀ sí igun, igun tó yọrí sínú òkun yìí sì ni wọ́n ń pè ní East Neuk. Láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, àwọn ìlú rẹ̀ tò báyìí: Elie, St Monans, Pittenweem, Anstruther, Crail. St Andrews wà lẹ́yìn igun náà, lápá àríwá. Ẹni tó bá fẹ́ jà yóò ní kò sí lára East Neuk, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilé ìtura pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà ti ya. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu Ọba James Kẹfà, pé Fife dà bí aṣọ alágbe tí wọ́n fi wúrà gbá létí. Etí aṣọ yẹn la fẹ́ rìn. Ẹja ló fi wúrà sí i, pàápàá herring, ìyẹn ṣáwà tí a mọ̀ lọ́jà, àti iyọ̀, àti òwò pẹ̀lú àwọn ará Netherlands àti Belgium òde òní.

Bí ẹ ṣe máa ka ìwé omi

Ẹ lọ sí EasyTide, ìkànnì ilé iṣẹ́ ìjọba Britain tó ń ya àwòrán òkun, kí ẹ wá Anstruther. Tí ẹ ò bá rí i, Leith náà tó, àsìkò wọn sún mọ́ra. Ẹ óò rí àkókò mẹ́rin fún ọjọ́ kan: omi kún, omi fà, omi kún, omi fà. Ẹ kọ ti ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lè dákẹ́ lábẹ́ àpáta.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti aago. Àwọn ìwé omi kan ń lo GMT láti January títí dé December, nígbà tí aago Britain ti fi wákàtí 1 ṣíwájú GMT láti ìparí March sí ìparí October. Tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá kọ 10:40 ní July, 11:40 ni lórí fóònù yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà bóyá GMT ló kọ síbẹ̀ tàbí BST, ìyẹn aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Britain. Wákàtí kan péré tó láti há ènìyàn mọ́ ẹsẹ̀ àpáta.

Lójoojúmọ́, àkókò náà máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Nígbà tí òṣùpá bá yọ tuntun tàbí tó bá kún, omi máa ń kún jù, ó sì máa ń fà jù. Ní apá Forth yìí, omi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fà tán láàárọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òṣùpá bá wà ní ìlàjì, ọ̀sán ló máa ń fà tán. Ohun tí ẹ óò fi èyí ṣe rọrùn: ẹ jẹ́ kí omi tó kún bá yín ní Crail àti ní etí ṣọ́ọ̀ṣì St Monans, ẹ jẹ́ kí omi tó ń fà bá yín ní Elie. Gbogbo ètò tó kù, ẹ lè tò ó bó ṣe wù yín.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Ẹni tó ní físà ìbẹ̀wò sí Britain kò nílò ìwé mìíràn fún Scotland, kò sì sí ibodè kankan láàárín England àti Scotland. Láti King's Cross ní London, àwọn ọkọ̀ ojú irin kan tó ń lọ Aberdeen máa ń dúró ní Leuchars. Tí tiyín kò bá dúró níbẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Edinburgh Waverley kí ẹ wọ òmíràn. Láti ibẹ̀ dé Leuchars jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 1. Ẹ jókòó sápá ọ̀tún tí ẹ bá ti ń kúrò ní Edinburgh. Ọkọ̀ máa gun Forth Bridge, afárá irin pupa tí wọ́n ṣí ní ọdún 1890, apá ọ̀tún yẹn sì ni òkun wà títí dé Kirkcaldy.

St Andrews kò ní ìdíkọ̀ ojú irin mọ́ láti ọdún 1969. Níwájú ìdíkọ̀ Leuchars, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 99. Ìṣẹ́jú bíi 10 sí 15 ni. Lẹ́yìn èyí, bọ́ọ̀sì tí ẹ óò máa wọ̀ jù ni 95, tó ń ti St Andrews gba Crail, Anstruther, Pittenweem, St Monans àti Elie lọ sí Leven. Ọ̀kan ní wákàtí kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń dín kù lálẹ́ àti lọ́jọ́ Sunday. Ẹ lè fi káàdì báǹkì kàn án kí ẹ sanwó. Tí ẹ óò bá wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́jọ́ kan, ẹ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lọ́wọ́ awakọ̀.

Ẹ̀yin tó máa wa mọ́tò, ẹ má wà á wọ ẹsẹ̀ èbúté Crail. Ọ̀nà Shoregate dagun gan-an, ó tínrín, ó sì yí. Ẹni tó bá pàdé ọkọ̀ apẹja níbẹ̀ máa fi ẹ̀yìn gòkè padà. Ẹ páàkì sí Marketgate lókè kí ẹ fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípè náà ń bẹ, torí awakọ̀ lè má gbọ́ yín. Leuchars ń dún bíi "Lúkàs". Elie ni "Ílì". Anstruther, bí ẹ ṣe rí i yẹn ni wọ́n ń pè é fún àlejò, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ "Énstà" lẹ́nu àwọn àgbà, ìlú kan náà ni.

Ọjọ́ kìíní: St Andrews

Ẹ fi òpópónà mọ ìlú yìí. North Street àti South Street ti apá ìwọ̀ oòrùn wá, wọ́n sì ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ títí wọ́n fi dé iwájú kàtídírà. Market Street wà láàárín wọn. Láti ibùdó bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rírìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni dé kàtídírà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà náà ní ọdún 1158, wọn ò sì yà á sí mímọ́ títí di ọdún 1318, níṣojú Ọba Robert the Bruce. Ó fẹ́ẹ̀ gùn tó mítà 120, òun sì ni ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù ní Scotland nígbà náà. Ní ọdún 1559, lẹ́yìn ìwàásù John Knox, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì, àwọn ènìyàn wọ ibẹ̀, wọ́n kó gbogbo ère àti ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ dànù. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú ń wá fa òkúta rẹ̀ lọ kọ́lé. Ohun tó kù ni ògiri ìlà oòrùn tó ní ilé ìṣọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, apá kan iwájú, àti ògiri gígùn kan lápá gúúsù. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà iwájú kí ẹ wo ògiri ìlà oòrùn lọ́hùn-ún: ibi tí ẹ dúró sí dé ibẹ̀ ni inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àìṣe èyí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àlejò mọ bó ṣe tóbi tó.

St Rule's Tower, ilé ìṣọ́ tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ga ní mítà 33, ó sì ti wà ṣáájú kàtídírà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí bí ìkarahun ìgbín, ó sì tínrín débi pé ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ kì í lè kọjá lára wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ béèrè ní ilé ìgbàlejò bóyá ó ṣí kí ẹ tó sanwó, torí wọ́n máa ń tì í nítorí atẹ́gùn líle tàbí àtúnṣe òkúta. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó dúró nísàlẹ̀.

Ilé olódi ìlú náà kò jìnnà, ẹ tẹ̀ lé etí òkun lọ sí ìwọ̀ oòrùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa sanwó wò ní St Andrews, ibí yìí ni kó jẹ́. Ní March 1546, Kádínà David Beaton dáná sun oníwàásù kan, George Wishart. Ní May ọdún kan náà, àwọn ọ̀tá kádínà yọ́ wọlé, wọ́n pa á, wọ́n sì ti ara wọn mọ́ inú ilé olódi náà. Àwọn ọmọ ogun ìjọba wá dó tì wọ́n. Nígbà tí ìbọn kò fọ́ ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò lábẹ́ àpáta láti wọlé nísàlẹ̀. Àwọn tó wà nínú gbọ́ dídún òòlù lábẹ́ ilẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tiwọn láti pàdé wọn. Wọ́n gbẹ́ ẹ síbi tí kò yẹ, wọ́n pa á tì, wọ́n tún ibòmíràn gbẹ́, kí wọ́n tó já sí ihò ọ̀tá. Ihò méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ lónìí, ẹ sì lè wọ̀ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ bọ́ báàgì ẹ̀yìn, ẹ gbé e sí iwájú. Ẹ tẹ̀ ba, torí òrùlé ihò àwọn ará inú ilé kéré gan-an, ìpayà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀. Ẹ óò dé ibi tí àkàbà irin kan ti sọ̀kalẹ̀ sínú ihò àwọn ọ̀tá, ojú ẹsẹ̀ lẹ óò sì mọ ìyàtọ̀: tiwọn fẹ̀, ó ga, ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀, torí àyè wà fún wọn láti fara balẹ̀. Ẹni tí ibi híhá máa ń dẹ́rù bà, kó má wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó jáde, ẹ wo ẹ̀wọ̀n tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta bí ìgò, ẹnu rẹ̀ tínrín, ikùn rẹ̀ fẹ̀, ó sì jìn ní nǹkan bíi mítà 7. Ọkọ̀ ogun Faransé ló gba ilé náà ní July 1547, wọ́n sì kó John Knox mọ́ àwọn tí wọ́n lọ fi ṣe ẹrú atukọ̀.

Ní North Street, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Salvator, lẹ́tà PH wà nínú òkúta ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dáná sun Patrick Hamilton, oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì, ní ọdún 1528. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà, tó ti wà láti ọdún 1413, kì í tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò fìdí rẹmi nínú ìdánwò, àyàfi tó bá lọ wẹ̀ nínú òkun ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù May. Èèwọ̀ wà níbi gbogbo.

Fún Old Course, pápá gọ́ọ̀fù tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ lọ lọ́jọ́ Sunday. Wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ sì ni láti rìn lórí koríko rẹ̀ dé afárá òkúta kékeré tí wọ́n ń pè ní Swilcan Bridge. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀nà kan ṣoṣo tó la pápá kọjá lọ sí etíkun West Sands ni Grannie Clark's Wynd, ẹ wo apá méjèèjì kí ẹ tó kọjá, tí ẹ bá sì gbọ́ "Fore!", ẹ fi ọwọ́ bo orí, ẹ má yíjú wo ẹni tó pariwo. Tí àwọn ọmọ bá wà pẹ̀lú yín, pápá kékeré olókè-òkè tí wọ́n ń pè ní Himalayas wà nítòsí. Owó díẹ̀ lẹ máa san, wọ́n á yá yín ní igi àti bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ kejì: Crail àti Anstruther

Ẹ wọ 95 láàárọ̀, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Crail. Robert the Bruce ló fún ìlú yìí ní ìwé àṣẹ ọjà ní ọdún 1310, ìdí nìyẹn tí Marketgate fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò rí òkúta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Blue Stane. Wọ́n ní èṣù ló jù ú láti Isle of May, erékùṣù kan nínú òkun níwájú ibẹ̀, tó fẹ́ fi wó ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò bá a. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté.

Èbúté náà kéré bí àgbàlá. Ẹ wo òrùlé àwọn ilé tó yí i ká: etí wọn ṣe bí àtẹ̀gùn, amọ̀ sísun pupa ni wọ́n sì fi bo ọ̀pọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó kó ẹja àti iyọ̀ lọ sí Netherlands kò lè ṣófo bọ̀, ìjì á dà á nù, wọ́n á di amọ̀ òrùlé yìí sí ìdí rẹ̀ kó lè wúwo. Ahéré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń se alákàṣà àti akàn tútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹja àti ojú ọjọ́ ni ṣíṣí rẹ̀ wà. Ẹ má torí rẹ̀ fi ebi pa ara yín.

Láti Crail, ẹ ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fẹsẹ̀ rin Fife Coastal Path dé Anstruther, nǹkan bíi máìlì 4, wákàtí 2 fún ẹni tó ń wòran. Ọ̀nà náà kò le, àmọ́ ẹrẹ̀ máa ń wà. Ní àárín rẹ̀ ni Caiplie Caves wà, ihò àpáta aláwọ̀ ọsàn tí atẹ́gùn àti omi ti gbẹ́. Tí ẹ bá wo ògiri inú rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí àmì àgbélébùú tí àwọn Kristẹni àtijọ́ fín sí i. Ẹ má ṣe gbìyànjú apá kejì, ìyẹn láti Crail lọ sí St Andrews, bí ẹni ń ṣeré: ó ju máìlì 12 lọ, ibùdó bọ́ọ̀sì kò sí létí rẹ̀, omi sì máa ń bo àwọn ibì kan tó bá kún.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì tààrà sí Anstruther kí ẹ lè bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Isle of May. Láti April sí ìparí September nìkan ni ọkọ̀ ń lọ. Wọ́n máa ń ti erékùṣù náà láti October kí àwọn ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní seal lè bímọ ní àlàáfíà. Ẹyẹ puffin, ẹyẹ dúdú òun funfun tí àgógó rẹ̀ pupa bí ẹni kun ọ̀dà, máa ń wà níbẹ̀ láti April títí dé nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ August. May sí àárín July ló dára jù. Ẹni tó bá lọ ní ìparí August nítorí puffin, ilé wọn nìkan ló máa bá.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀:

Ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, pàápàá fún June. Àkókò tí ọkọ̀ ń lọ ń yí padà lójoojúmọ́, torí ó ń tẹ̀ lé omi. Atẹ́gùn láti ìlà oòrùn lè mú kí wọ́n fagi lé ìrìn àjò náà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Nítorí náà, ẹ má fi í sí ọjọ́ tí ẹ máa padà sílé. Ẹ fi wákàtí 5 sílẹ̀ fún un. Kò sí ṣọ́ọ̀bù lórí erékùṣù, ẹ gbé oúnjẹ àti omi dání. Ẹ dé fìlà, tàbí kí ẹ wé gèlè tó le: ẹyẹ tern tó yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà máa ń já wálẹ̀ sọ ènìyàn lórí, ó sì lè ta ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì yà kúrò lójú ọ̀nà rárá, torí inú ihò ilẹ̀ ni puffin ń gbé. Ilẹ̀ tó dà bíi pé ó le yẹn ṣófo nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ yín á já sórí ọmọ ẹyẹ.

Lókè erékùṣù, ẹ óò rí ilé iná méjì tó yẹ ní wíwò. Èyí tó kéré, tó dàgbà, jẹ́ ti ọdún 1636, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Scotland. Èédú ni wọ́n ń sun lórí rẹ̀ lálaalẹ́ fún àwọn atukọ̀. Èyí tó dà bí ààfin ni Robert Stevenson kọ́ ní 1816.

Ní Anstruther fúnra rẹ̀, ẹ fi wákàtí 2 sílẹ̀ fún Scottish Fisheries Museum tó wà létí èbúté. Láti 1969 ló ti wà. Ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Reaper, ọkọ̀ aláṣọ ìgbòkun tí wọ́n kàn ní 1902, jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń lépa ṣáwà. Ẹ wo apá tó sọ nípa àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ lé ẹja láti èbúté dé èbúté, tí wọ́n ń la inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi iyọ̀ tò ó sínú àgbá. Wọ́n máa ń fi aṣọ di ìka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kí ọ̀bẹ má baà gé e, kí iyọ̀ má baà wọ ojú egbò. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn alẹ́ja ní Makoko tàbí Ẹ̀pẹ́ rí kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹja díndín. Ẹja haddock ni wọ́n fẹ́ràn ní Scotland. Tí ẹ bá rí "haddock supper", kì í ṣe oúnjẹ alẹ́. "Supper" ni pé ọ̀dùnkún òyìnbó díndín (chips) wà pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín agogo méjìlá sí méjì ọ̀sán ni ìlà máa ń gùn jù. Kò ní ata rárá, ẹni tó mọ ara rẹ̀ kó mú ata gbígbẹ dání. Tí ẹ bá máa jẹ ẹ́ létí èbúté, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, torí ẹyẹ òkun máa ń fò wá láti ẹ̀yìn, á sì já ẹja gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó mọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọjọ́ kẹta: Pittenweem, St Monans, Elie

Ẹ wo bébà yín kí ẹ tó jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni omi máa fà tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Pittenweem kí ẹ máa rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Tó bá jẹ́ àárọ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Elie lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá rìn padà. Láti Anstruther dé Elie lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì 6.

Pittenweem ni èbúté tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹja jù láàárín àwọn ìlú yìí. Ẹ má dúró sójú ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́, ẹ má sì tẹ okùn tó nà sílẹ̀. Láàárín èbúté àti High Street, àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń pè ní wynd gòkè lọ. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni St Fillan's Cave wà, ihò àpáta tí wọ́n ní ẹni mímọ́ Fillan gbé. Ìtàn ní apá òsì rẹ̀ máa ń tàn tó fi ń kọ̀wé lóru. Ilẹ̀kùn irin ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kà àkọlé tó wà lára ilẹ̀kùn náà, ó máa sọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti máa gba kọ́kọ́rọ́ ní High Street fún owó kékeré. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú yìí náà ni àwọn ènìyàn ti lu Janet Cornfoot pa ní January 1705, tí wọ́n pè é ní àjẹ́. Wọ́n kó òkúta lé e lórí títí ó fi kú.

Máìlì 1 àtààbọ̀ sí i ni St Monans. Kí ẹ tó dé ìlú, ẹ óò rí ilé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n kọ́ ọ láti fa omi òkun sínú àwọn ilé iyọ̀ mẹ́sàn-án tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fi èédú se omi náà nínú agbada irin títí iyọ̀ á fi kù. Àwọn òkìtì koríko tó wà létí omi yẹn, ògiri ilé iyọ̀ ni ó wà lábẹ́ wọn. Lápá kejì ìlú ni ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọba David Kejì kọ́ ní àwọn ọdún 1360 wà, ó sún mọ́ òkun débi pé tí omi bá kún tí atẹ́gùn sì wà, omi iyọ̀ máa ń ta sára ògiri ọgbà rẹ̀. Ẹ yíjú sókè nínú rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi kékeré kan so rọ̀.

Elie ni máìlì 3 sí i. Ní Ruby Bay, ẹ lè rí òkúta pupa wínníwínní nínú iyanrìn. Garnet ni, kì í ṣe ruby. Ilé ìṣọ́ kékeré tó wà lórí rẹ̀ ni Lady's Tower, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1770 fún Lady Janet Anstruther láti máa pààrọ̀ aṣọ tó bá fẹ́ wẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń rán ìránṣẹ́ pé kó lu agogo káàkiri ìlú, kí ẹnikẹ́ni má baà wo òun.

Wàyí o, Chain Walk. Lẹ́yìn Earlsferry, ní ìsàlẹ̀ òkè Kincraig, wọ́n kan ẹ̀wọ̀n irin mọ́ àpáta láti nǹkan bí àwọn ọdún 1920, ènìyàn á sì máa dì í mú kọjá lójú àpáta dé Shell Bay. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀wọ̀n náà láti ìgbà yẹn. Kò gùn, nǹkan bí ìdajì kìlómítà ni, àmọ́ ẹ fi wákàtí 1 àtààbọ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi ṣì ń fà, ó kéré tán wákàtí 2 kó tó fà tán. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti fà tán, òkun ti ń padà bọ̀ lẹ́yìn yín, ibi tó há sì wà ní àárín, tí kò sí ọ̀nà àtigun òkè. Tí ìgbì bá ń fọ́ mọ́ àpáta, ẹ má lọ, ìwé omi ìbáà sọ ohunkóhun. Bàtà tí ìdí rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Koríko òkun aláwọ̀ ewé tó wà lórí òkúta ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ, ẹ wá òkúta dúdú tó gbẹ tẹ̀. Báàgì kékeré nìkan, lẹ́yìn. Kò sí ajá, kò sí ọmọ kékeré.

Lórí ẹ̀wọ̀n tó dábùú, ẹ kọjú sí àpáta, ẹ na apá, ẹ fi ara sẹ́yìn díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè tẹ àpáta gbọn-in nínú àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi àyà lẹ̀ mọ́ àpáta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀, torí ẹ̀rù ń bà á. Lórí èyí tó nàró, ẹ fi ẹsẹ̀ gùn ún, kí ọwọ́ kàn máa dì í mú. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ fa ara rẹ̀ á rẹ̀ kó tó dé òkè. Ẹnì kan ṣoṣo lórí ẹ̀wọ̀n kan. Ẹ padà gba orí òkè Kincraig, ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé ìbọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Tí omi bá há yín mọ́, ẹ gun ibi tó ga jù tí ẹ lè dé, ẹ pe 999, kí ẹ sọ pé "Coastguard", ẹ má fẹsẹ̀ wọ omi.

Ohun tó máa ń ba ọjọ́ jẹ́

Kùrukùru òkun tí wọ́n ń pè ní haar. Ní ìgbà ìrúwé àti ẹ̀ẹ̀rùn, tí atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá gba orí òkun tútù láti ìlà oòrùn, ó máa ń di funfun bo etíkun, nígbà tí oòrùn ń ràn gan-an ní máìlì mélòó kan sínú ilẹ̀. Tó bá bò yín, ẹ lọ sí musíọ́ọ̀mù, ó lè ká lọ́sàn-án. Ẹ fi agbòjò sílé, atẹ́gùn á yí i padà. Jákẹ́ẹ̀tì tí omi kò wọ̀ ló wúlò.

Ìmọ́lẹ̀ náà ń bẹ. Ní June, ilẹ̀ kì í ṣú títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́. Ní December, oòrùn ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin tó lù, ọ̀pọ̀ ibi ìbẹ̀wò sì ti tì. Owó bébà tí àwọn báǹkì Scotland tẹ̀ dára bíi ti England, ṣùgbọ́n ẹ ná an tán kí ẹ tó padà, torí àwọn ọlọ́jà kan ní London máa ń yẹ̀ ẹ́ wò tìfura-tìfura.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, kò pọn dandan kí ẹ tún lọ sí Leuchars. Láti Elie, ẹ wọ 95 lọ sí Leven, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ sí Edinburgh láti June 2024, lẹ́yìn ọdún tó ju 50 lọ. Tí àkókò bá wà, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Lundin Links kí ẹ fẹsẹ̀ rìn sí Lower Largo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Alexander Selkirk ní 1676, atukọ̀ tó dá gbé erékùṣù ní apá South America láti 1704 sí 1709, tí ìtàn Robinson Crusoe fara jọ tirẹ̀. Ère rẹ̀ wà lára ògiri ilé kan, awọ ewúrẹ́ lọ́rùn, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ń wo òkun. Ẹ wo ìwé àkókò bọ́ọ̀sì kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀: tí èyí tó kàn bá kọjá yín, ó lè jẹ́ wákàtí kan gbáko kí òmíràn tó dé.